Iyì Ẹni Nínú Àdúrà: Àgbéyẹ̀wò Ìlò Èdè Nínú Àdúrà àti Ẹ̀rí Àwọn Ìjọ Aládùúrà

Àṣamọ̀

Agbára ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí àwọn ìjọ Aládùúrà fi ṣe kókó: agbára ìwòsàn, agbára ìṣẹ́gun, agbára ìríran. Iṣẹ́ yìí gbà pé iyì ẹni jẹ́ kókó mìíràn tí ó yẹ kí ó ní àyè tirẹ̀. Ó wo àdúrà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn, ó sì fi ìhun rẹ̀ wé ìhun oríkì. Ohun tí ó fi hàn ni pé ipò tí èdè àdúrà gbé ènìyàn sí ni ó ń fún un ní iyì, kí ìdáhùn kankan tó dé. Ẹ̀rí, ní tirẹ̀, a máa so iyì mọ́ ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀, a sì máa dá a padà sọ́wọ́ àwùjọ. Ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther, ìtàn Hánà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Aládùúrà láàárín ọdún 1918 sí 1930 ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kókó ọ̀rọ̀: iyì, àdúrà, ẹ̀rí, oríkì, Aládùúrà

Ìfáárà

Yorùbá kì í sábà sọ̀rọ̀ iyì bí ohun tí ó ń hù láti inú ènìyàn nìkan. A máa ń bu iyì fún ènìyàn, a máa ń bu ọlá fún un. Bí ó bá sì ṣìwà hù, a máa ń bu ẹ̀tẹ́ lù ú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘bu’ tí ó wà nínú àwọn àpólà wọ̀nyí yẹ fún àkíyèsí. Ohun tí a bá ń bù, inú ohun mìíràn ni a ti ń bù ú: omi láti inú àmù, ọkà láti inú àká. Ìyẹn ni pé iyì ní orísun, ó sì ní ẹni tí ń bù ú fún ni. Ará ilé, ará àdúgbò, olùkì, àna àti ọba ni wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Kí ni yóò wá jẹ́ ti ẹni tí kò rí ẹni bu iyì fún un? Ẹrú tí a tà kúrò ní ìlú baba rẹ̀, obìnrin tí kò tètè rí ọmọ bí, aláìsàn tí àwọn ènìyàn ti ń yà fún, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ń fi orúkọ iṣẹ́ pè dípò orúkọ tí ilé sọ ọ́: níbo ni irú wọn yóò ti bù ú? Ìdáhùn tí ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé orísun kan wà tí kò sí lọ́wọ́ àwùjọ, àti pé àdúrà ni ọ̀nà tí a fi ń dé ibẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìjọ Aládùúrà. Ìwé J.D.Y. Peel tí ó jáde ní ọdún 1968 ṣe ìtúpalẹ̀ bí àwọn ìjọ wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe gbòòrò láàárín àwùjọ tí ń yí padà. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí ó gba iwájú nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ohun tí àdúrà ń ṣe fún ènìyàn: ìwòsàn, ọmọ, iṣẹ́, ààbò. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àdúrà bí irinṣẹ́ lásán, a ó gbójú fo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí olùgbàdúrà ní àkókò tí ó ń gbà á. Iṣẹ́ yìí dúró lórí àkókò náà.

Iye àti iyì: ìtàn Àjàyí

Ìwé Karin Barber lórí oríkì ní ìlú Òkukù, tí ó jáde ní ọdún 1991, fi hàn pé oríkì ju ìtàn ìdílé tí a há sórí lọ. Oríkì wà lára ohun tí ń sọ ènìyàn di ẹni ńlá. Bí a bá ń kì í, orí rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á yá, àwọn tí ń gbọ́ á sì mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ó nílò ènìyàn láti kì í, ó sì nílò ènìyàn láti gbọ́. Nínú oríkì orílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn ìdílé: ‘ọmọ’. Gbogbo ohun tí ó bá tẹ̀ lé ‘ọmọ’ yìí, ìbáà jẹ́ ìlú, iṣẹ́ ọwọ́, èèwọ̀ tàbí akọni ìdílé, ni ó di ohun àmúyangàn fún ẹni tí a ń kì.

Ẹni tí a bá mú lẹ́rú pàdánù gbogbo àyíká tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó kù fún un ni iye. Samuel Àjàyí Crowther jẹ́rìí sí èyí nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, kí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọmọ tí a fi ẹṣin díwọ̀n ti di ohun tí ó ní iye. Kò sí ẹni tí yóò bu iyì fún un lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ní ilé baba rẹ̀.

Ní ọdún 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí èyí bí ìpàdánù orúkọ. Apá kan òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Crowther kò jù ‘Àjàyí’ nù. Àmútọ̀runwá ni orúkọ náà. Ẹni tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé ni a ń sọ ọ́. Kì í ṣe ìdílé ni ó fún un, nítorí náà ẹni tí ó ba ìdílé jẹ́ kò lè gbà á. Ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, láàárín àwọn tí a ti tà rí bíi tirẹ̀. Bí a bá wo àwùjọ yẹn dáadáa, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ èdè. Èdè tí a fi ń kì wọ́n nílé ni wọ́n tún gbọ́, ṣùgbọ́n ‘ọmọ’ inú rẹ̀ kò nílò ìlú tí ogun ti tú kí ó tó lè ní ìtumọ̀.

Ipò tí èdè àdúrà gbé ènìyàn sí

Ìhun àdúrà Aládùúrà sún mọ́ ìhun oríkì ní ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Olùgbàdúrà á kọ́kọ́ ki Ọlọ́run: Kábíyèsí, Ọba àwọn ọba, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé. Ó lè pẹ́ lórí èyí ju orí ohun tí ó wá béèrè lọ. Ní ìta, olùkì ni ọ̀jáfáfá nínú ọ̀rọ̀, ó sì ń gba ẹ̀bùn fún iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àdúrà, ẹnikẹ́ni ni ó lè di olùkì. Ìyá tí kò kàwé, tí kò sì ní ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ń kì Ẹni tí ó ga ju ọba ìlú lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó dákẹ́.

Ọ̀nà kejì wà nínú arọ́pò-orúkọ. Yorùbá kì í fi ‘o’ àti ‘rẹ’ bá àgbà sọ̀rọ̀. ‘Ẹ’ àti ‘yín’ ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ‘o’, ìyàwó ilé kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ. Síbẹ̀, nínú Bíbélì èdè Yorùbá àti nínú ọ̀pọ̀ àdúrà, ‘ìwọ’ ni a ń pe Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń lo ‘ẹ’ fún Un lónìí, pàápàá níbi ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n ‘ìwọ’ kò tíì kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Ohùn oríkì ni: olùkì tí ń ki ọba tàbí òrìṣà náà máa ń lo arọ́pò-orúkọ ẹyọ, nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ni ó wà. Ohun tí àdúrà ṣe ni pé ó fún gbogbo ènìyàn ní àǹfààní olùkì yìí. Ẹni tí ó ń fi ‘ẹ’ bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ ní ibì kan tí ó ti lè sọ pé ‘ìwọ’, kí a sì gbọ́ ọ.

Ọ̀nà kẹta ni àpólà ‘èmi ọmọ rẹ’. Arọ́pò afarajorúkọ ni ‘èmi’. Ó wúwo ju ‘mo’ lọ, ó sì ń ya ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. ‘Ọmọ’ tí ó tẹ̀ lé e ni ‘ọmọ’ inú oríkì orílẹ̀ gan-an, àyàfi pé ìran kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ọmọ àti orísun báyìí. Kò sí baba ńlá tí a ó tò ní ẹsẹẹsẹ, kò sì sí ìdílé tí ó lè sọ pé ẹni náà kì í ṣe tiwọn. Nípa báyìí, Ọlọ́run ni olùgbàdúrà ń kì, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó gba àpèjá oríkì.

Orúkọ ènìyàn tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Bí ìdílé onígbàgbọ́ bá kúrò nídìí ‘Ifábùnmi’ tàbí ‘Ògúnbùnmi’ lọ sídìí ‘Olúbùnmi’ tàbí ‘Jésùbùnmi’, ẹni tí ó fúnni ni ó yí padà. ‘Bùn’ àti ‘mi’ kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí a ta lọ́rẹ ṣì wà ní ipò rẹ̀. Àdánù kan wà nínú èyí tí kò yẹ kí a fi pamọ́: nígbà tí orúkọ Ifá tàbí Ògún bá kúrò, ọ̀nà kan tí oríkì ìdílé fi ń wọlé tì.

Wọ́n lè ṣe àtakò pé àdúrà Kírísítẹ́nì kún fún ọ̀rọ̀ ìrẹra-ẹni-sílẹ̀: ẹlẹ́ṣẹ̀, erùpẹ̀, aláìyẹ. Báwo ni ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní erùpẹ̀ ṣe lè níyì? Àṣà ìkíni Yorùbá dáhùn ìbéèrè náà. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kì í tẹ́ ọmọ. Ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀ ni ó tẹ́. Ẹni tí ó wólẹ̀ ń sọ pé òun mọ ilé tí òun ti wá, ó sì ń retí kí àgbà súre fún òun, kí ó sì ní kí òun dìde. Ewu wà níbi tí ẹlòmíràn bá gba ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Bí wòlíì bá fi ara rẹ̀ sí àárín, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ fún obìnrin kan bóyá ó níyì tàbí kò níyì níwájú Ọlọ́run, a ti gba ‘ìwọ’ lẹ́nu obìnrin náà.

Hánà ní Ṣílò

Àwọn obìnrin tí ń tọrọ ọmọ kì í pẹ́ dárúkọ Hánà nínú àdúrà. Ohun tí wọ́n sábà ń tọ́ka sí ni pé ó gba àdúrà, ó sì bí Sámúẹ́lì. Kíka ìtàn náà kínníkínní fi ohun mìíràn hàn. Pẹ̀nínà, orogún rẹ̀ tí ó bímọ, ń mú un bínú lọ́dọọdún. Elikánà ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì béèrè bóyá òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán ẹkún náà. Ní ilé Olúwa, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, àlùfáà Élì sì rò pé ọtí ni ó mu yó. Orogún, ọkọ, àlùfáà: mẹ́ta nínú àwọn tí àwùjọ yàn láti bu iyì fún obìnrin kùnà lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́, ìgbà mẹ́ta ni ó pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́bìnrin Ọlọ́run. Ẹni tí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí níwájú Ọlọ́run ni kò gbà fún Élì. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀: òun kò mutí, kí ó má sì ka òun mọ́ àwọn obìnrin burúkú. Ìrẹ̀lẹ̀ inú àdúrà ni ó fún un ní ẹnu láti kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Élì yí ohùn padà, ó sì súre fún un, láìmọ ohun tí ó béèrè.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ tí ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí wá: ó lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Ní àkókò yìí, kò tíì lóyún. Pẹ̀nínà kò tíì pa ẹnu mọ́. Kò sí ohun kan tí ó yí padà ní ilé Elikánà tí aládùúgbò lè fi ojú rí. Ojú Hánà nìkan ni ó yí padà. Asọ̀tàn fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àdúrà àti ìdáhùn, inú àlàfo náà ni ó sì gbé iyì obìnrin náà sí. Oníwàásù tí ó bá ti inú ẹkún fò wọ inú ìkómọjáde ti fo ibi tí ìtàn náà ti sọ̀rọ̀ jù.

Orúkọ yìí wọ inú ìtàn Yorùbá lọ́nà tí ó gbàfiyèsí. Nígbà tí Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1848, Hánà ni ó di orúkọ rẹ̀. Ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún owó bọ́ sínú orúkọ ìyá tí ó fi ọmọ fún Ọlọ́run.

Òkúta Iyebíye àti aṣọ funfun

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Aládùúrà fi hàn pé ọ̀ràn iyì wà níbẹ̀ láti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú ń pa ènìyàn, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde láàárín àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Àwọn tí àrùn ń pa, tí ilé ìwòsàn kò rí nǹkan púpọ̀ ṣe fún, kò pe ara wọn ní aláìsàn tàbí alágbe. A gbọ́ ‘iye’ lẹ́ẹ̀mejì nínú ‘iyebíye’, ìtumọ̀ rẹ̀ sì kọjá ohun tí ọjà lè díwọ̀n.

Mósè Orímóladé wá láti Ìkàrẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá títí ọjọ́ ikú rẹ̀, síbẹ̀ ó rin ilẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú ìwàásù kí ó tó dé Èkó ní ọdún 1924. Ní ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, wọ inú ìran lẹ́yìn tí ó lọ wo ìwọ́de àwọn Kátólíìkì ní Èkó. Wọ́n ránṣẹ́ pe Orímóladé láti gbàdúrà, láti ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde. Ní ọdún 1928, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú ọ̀nà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà tí ó gbọ́ ìpè. Ní ọdún 1930, ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e ní Òkè-Ọ̀yẹ́, Iléṣà. Arọ, ọ̀dọ́mọbìnrin, òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dé ipò aṣáájú nípasẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Ẹnu tí ń gbàdúrà ni ẹ̀rí ìpè wọn.

Aṣọ funfun gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú sí i. Yorùbá ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Nígbà tí olówó àti tálákà bá wọ aṣọ funfun kan náà, tí gbogbo wọn sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kò sí aṣọ tí a ó kí mọ́. Ènìyàn ni ó kù. Síbẹ̀, oyè àti ọ̀já aláwọ̀ oríṣiríṣi tún wọlé lẹ́yìn náà, ipò sì tún hàn lára aṣọ. Ní ọdún 1929, Orímóladé àti Abíọ́dún pínyà. Ìjọ tí ó ń wàásù iyì tí kò ti ọwọ́ ènìyàn wá kò bọ́ lọ́wọ́ ìjà lórí ẹni tí iyì tọ́ sí.

Ẹ̀rí àti ìpadàbọ̀ iye

Bí àdúrà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ‘èmi’ àti ‘ìwọ’, ẹ̀rí yí gbogbo rẹ̀ padà. Nínú ẹ̀rí, Ọlọ́run di ‘ó’, ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. ‘Ẹ’ ni olùgbọ́: ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹni tí ó kọjú sí Ọlọ́run ti kọjú sí àwùjọ. Ìhun rẹ̀ náà yàtọ̀. Ó ń lọ láti inú ìṣòro sí àdúrà, láti àdúrà sí àyípadà, nǹkan kíkà ni ó sì sábà máa ń fi gúnlẹ̀: iye ọdún tí a fi wá ọmọ, iye owó tí ó wọlé, iye ilé tí a kọ́. ‘Iye’ tí àdúrà ti tì sẹ́yìn tún bá ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Ọ̀tá pẹ̀lú máa ń ní ipò pàtàkì níbẹ̀: a mọ̀ pé ẹni náà ti níyì nítorí pé ojú ti àwọn tí ó ń fi í ṣẹ̀sín.

Kò tọ́ kí a tìtorí èyí kọ ẹ̀rí sílẹ̀. Orin Hánà lẹ́yìn tí ó bímọ jẹ́ ẹ̀rí, àwọn ọ̀tá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí ń fún aláìsàn tí ó jókòó lẹ́yìn ní ìrètí, ó sì ń fún obìnrin àti ọ̀dọ́ ní àǹfààní láti sọ ìtàn ara wọn níwájú àgbààgbà. Ibi tí ìṣòro wà ni ìgbà tí ìjọ bá sọ ẹ̀rí di òṣùwọ̀n àdúrà. Ẹni tí kò tíì rí ohun tí ó béèrè kò ní ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ ní gbangba. Bí ó bá dìde láti sọ pé òun gbàdúrà, ọmọ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ojú òun kò fà ro mọ́, ìjọ lè má mọ ibi tí yóò ti ṣe halelúyà. Bẹ́ẹ̀, ibi tí Hánà wà nígbà tí ó dìde láti jẹun gan-an ni ẹni náà wà.

Lójú ìwòye yìí, àríyànjiyàn lórí bóyá ìgbàgbọ́ Aládùúrà ń gbé ènìyàn ga tàbí ó ń tẹ̀ ẹ́ rì kò lè yanjú bí a bá ka àdúrà àti ẹ̀rí sí ohun kan náà. Àwọn tí ó yìn ín ń gbọ́ àdúrà. Àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, tí wọ́n ní ó ń fi ọrọ̀ wọn ènìyàn, ẹ̀rí ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀yà méjèèjì wà nínú ìsìn kan náà, láti ẹnu ènìyàn kan náà, ṣùgbọ́n èrò wọn lórí iyì kò dọ́gba.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣe àfihàn pé èdè àdúrà Aládùúrà ń lo ohun èlò oríkì, èyí tí í ṣe ìkíni, arọ́pò-orúkọ ẹyọ àti ‘ọmọ’, láti fún ẹni tí àwùjọ kò bu iyì fún ní ipò tí ó ti lè rí ara rẹ̀ bí ẹni iyì. Iyì náà kì í ṣe ìgbéra-ẹni-ga, nítorí pé ó ṣì ní orísun lóde ara ẹni. Ìlànà ‘bu iyì fún’ kò yí padà. Ẹni tí ń bù ú ni ó yàtọ̀. Ó sì ti fi hàn pé ẹ̀rí lè dá iyì yẹn padà sórí òṣùwọ̀n ọjà tí àdúrà ti gbé e kúrò.

Ọ̀pọ̀ àkójọ tí ó wà nílẹ̀ lórí ìjọ Aládùúrà ni ó dá lórí ẹ̀rí, nítorí pé ẹ̀rí rọrùn láti gbà sílẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ ẹ sì máa ń fẹ́ kí a gbọ́. Ohun tí ó kù fún àwọn olùwádìí ni láti wá ọ̀nà tí ó bọ̀wọ̀ fún ènìyàn láti gba àdúrà àwọn tí kò tíì ní ẹ̀rí sílẹ̀, kí wọ́n sì tú ìhun rẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ìgbàgbọ́ ń ṣe fún iyì ènìyàn, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.